Ẹyin Apá Òsì

Mi ò jẹ ẹyin mọ́. Ẹni tó bá mọ Ore dáadáa á mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré ni mo sọ yẹn, nítorí pé ní oríta wa, níbi tí ọkọ̀ Èkó àti ọkọ̀ Bìní ti ń dúró, ẹyin sísè kì í jìnnà sí ẹnu èèyàn. Àwọn obìnrin tó ń tà á máa ń sáré tẹ̀lé bọ́ọ̀sì, abọ́ lórí, ata gígún nínú ọ̀rá lọ́wọ́: "Ẹyin rèé o! Ẹyin gbígbóná rèé!" Fèrèsé yàrá tí mo ti ń ṣiṣẹ́ kọjú sí títì. Láti àárọ̀ títí mo fi máa bọ́ aṣọ funfun, ọ̀rọ̀ yẹn ni mò ń gbọ́. Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ rò pé ààwẹ̀ ni mò ń gbà, àwọn kan ní mi ò fẹ́ sanra ni. Mo máa ń ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n fi mí sílẹ̀. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ yẹn ló pa ẹ̀gbọ́n mi, ẹnu mi ló sì ti jáde.

Nọ́ọ̀sì ni mí ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ore. Dókítà wa kì í ṣe Yorùbá. Apá Bìní lọ́hùn-ún ló ti ń wá, ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ohùn rẹ̀ kì í sókè. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì ló máa ń wà lọ́dọ̀ wa, èmi ni mo sì ń ṣe ògbufọ̀ fún un. Wọ́n kọ́ mi bí a ṣe ń gún abẹ́rẹ́ nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, wọ́n kọ́ mi bí a ṣe ń fọ egbò, bí a ṣe ń gba ọmọ lọ́wọ́ aboyún. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi bí èèyàn ṣe ń sọ ohun tó wà lábẹ́ obìnrin fún obìnrin náà níwájú ọkọ rẹ̀, tí ẹ̀gbọ́n ọkọ sì tún jókòó tì wọ́n.

Àwa kì í pe nǹkan wọ̀nyẹn ní orúkọ wọn. A máa ń pè é ní abẹ́, a máa ń pè é ní ìdí, ẹni tó bá sì mọ̀wà hù gan-an á pè é ní ojú ara. Màmá kan wá láti Agbabu nígbà kan. Dókítà ní kí n bi í bóyá nǹkan ń jáde lójú ara rẹ̀. Ojú ń tì mí, nítorí màmá náà tó ìyá tó bí ìyá mi lọ́jọ́ orí, ni mo bá sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́: "Màmá, ṣé nǹkan ń jáde lójú ara yín?" Ó gbọ́ ojú, kò gbọ́ ara. Ó gbé etí ìró rẹ̀, ó nu ojú rẹ̀ méjèèjì fínnífínní, ó ní, "Omi ni, ọmọ mi. Bí mo bá ti ń dáná báyìí ló máa ń dà." Ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Nígbà tí màmá náà lóye ọ̀rọ̀, ó gbá mi léjìká: "Ìwọ ọmọ yìí! Ìwọ lo ò lanu sọ̀rọ̀!"

A fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣe yẹ̀yẹ́ fún odidi oṣù kan. Mo sọ ọ́ fún gbogbo ayé, mo sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi náà, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú. Ìgbà yẹn ló yẹ kí n kọ́gbọ́n. Mi ò kọ́ ọ. Ẹ̀rín ni mo rí níbẹ̀.

Àǹtí ni mò ń pe ẹ̀gbọ́n mi, àmọ́ òun ni ìyá mi. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí ìyá tó bí wa kú, òun náà kò tíì pé ogún ọdún. Ó gbé mi tẹ̀lé ara rẹ̀ lọ sílé ọkọ ní Ago Alaye. Ọkọ rẹ̀ ń ṣe oko kòkó àti ẹ̀gẹ́, kò sì fìgbà kan béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé ta ni ọmọ tó ń bá wọn jẹun yìí. Gàrí ọwọ́ Àǹtí ni mo jẹ títí mo fi jáde nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Ọmọ mẹ́rin ló bí, èmi ni karùn-ún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi ló kọ́kọ́ tọ́. Inú mi máa ń tètè ru, mi ò ní parọ́. Mo máa ń kígbe mọ́ aláìsàn tó bá fi oògùn rẹ̀ sílẹ̀, mo máa ń kígbe mọ́ ọlọ́kadà, mo máa ń kígbe mọ́ rédíò. Nítorí náà ni Àǹtí fi ń pè mí ní Nọ́ọ̀sì Oníkanra. Òun nìkan ló lè pè mí bẹ́ẹ̀ kí n rẹ́rìn-ín.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, bí òjò ṣe ń bẹ̀rẹ̀, kókó kan yọ sí ìpéǹpéjú rẹ̀ ti òsì, èyí tòkè. Kò ju hóró ẹ̀wà lọ, àmọ́ ojú náà ń ṣomi, ó sì ń wúwo. Àwọn kan ní kó fi omi ọmú sí i. Ó ti ń wá ìyálọ́mọ tó máa fún un ní omi ọmú kiri kí n tó gbọ́, ni mo bá figbe ta lórí fóònù: "Àǹtí! Ẹ má fi nǹkan kan kan ojú yẹn o! Ẹ máa bọ̀ ní Ore lọ́jọ́ Ẹtì."

Ó wá lóòótọ́. Ọkọ rẹ̀ tẹ̀lé e, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ náà tẹ̀lé wọn, baba àgbà kan tó jẹ́ olórí ẹbí wọn, tó sọ pé òun fẹ́ ra àdá tuntun ní Ore. Dókítà yí ìpéǹpéjú náà padà, ó fi tọ́ọ̀ṣì wò ó. Ó ní kì í ṣe ojú gan-an ló ń ṣe é. Ó ní àwọn ihò tín-ín-tín wà ní etí ìpéǹpéjú tí òróró ń gbà jáde, pé ọ̀kan nínú wọn ló dí. Kó máa ti aṣọ tó mọ́ bọ omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kó máa fi lé e láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kó má tẹ̀ ẹ́, kó má fún un. Bí kò bá lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kó padà wá, òun á là á díẹ̀. Mo túmọ̀ èyí dáadáa. Mo tiẹ̀ fi bí wọ́n ṣe ń ká aṣọ náà hàn án.

Ọ̀rọ̀ ti tán. Mo ti di ilẹ̀kùn mú kí n pe ẹlòmíràn nígbà tí Àǹtí fà mí láṣọ. Ó ní, "Bá mi sọ fún dókítà pé inú mi ń wú díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú. Wọ́n ní afẹ́fẹ́ ni."

Dókítà ní kó dùbúlẹ̀. Ó tẹ ikùn rẹ̀, ó tún tẹ̀ ẹ́, ó wá dúró sójú kan, ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní ká gbé e lọ sídìí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo inú, èyí tí gbogbo wa ń pè ní síkáànì, òun fúnra rẹ̀ ló sì fi wo ikùn rẹ̀. Nígbà tí a padà dé, ó bá mi sọ̀rọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, kíákíá, ó ní: nǹkan kan ti hù sí ẹ̀gbẹ́ ilé ọmọ, lápá òsì, níbi tí ẹyin obìnrin ń gbé. Kì í ṣe èyí tó ní omi nìkan tó máa ń wá tó máa ń lọ. Ẹran wà nínú rẹ̀. Kó lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lọ́sẹ̀ yìí, kí wọ́n yọ ọ́. Bó bá pẹ́, ó máa tàn ká, kò sì sí ohun tẹ́nikẹ́ni á lè ṣe mọ́. Ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà.

Mo wá kọjú sí wọn. Àǹtí wà láàárín, ọkọ rẹ̀ lọ́tùn-ún, baba àgbà lósì, ó ti ṣí fìlà, ó gbé e lé orúnkún, ó ń retí ọ̀rọ̀. Báwo ni màá ṣe la ẹnu sọ nípa abẹ́ ìyàwó wọn níwájú baba yìí? Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. Bí èmi àti Àǹtí bá wà nílé, Ìkálẹ̀ wa là ń sọ. Àmọ́ bí mo bá ti wọ aṣọ funfun, Yorùbá bí ti oníròyìn orí rédíò ló máa ń jáde lẹ́nu mi, nítorí mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé mo kàwé. Nínú Yorùbá yẹn ni mo ti sọ pé: "Ẹyin yín ti apá òsì ló ní kókó. Kì í ṣe kókó tó dáa. Wọ́n máa ní láti yọ ẹyin náà nílé ìwòsàn ńlá."

Bí mo ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn. Mi ò fi ọ̀rọ̀ kankan kún un, mi ò yọ ọ̀kan kúrò.

Àǹtí ní, "Yọ kí ni?"

Mo ní, "Ẹyin náà."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀, Àǹtí."

Ó gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ sókè. Ó gbé e dé ibi àyà, ó dúró, ó sì dá a padà sórí itan. Omijé ti ń bọ́. Ó ní, "Ṣé kò sí oògùn tí wọ́n lè kán sí i ni?"

Kán sí i. Ta ló ń kán oògùn sí ohun tó wà nínú ikùn? Mo gbọ́ oògùn, mi ò gbọ́ kán. Èèyàn ti pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ọmọ ọwọ́ kan ń ké, ẹ̀rù sì ń ba èmi náà nítorí ohun tí dókítà sọ, bí ẹ̀rù bá sì ń bà mí, ìbínú ló máa ń dà. Mo ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ ká gbọ́ra wa yé! Wọ́n ní kò sí oògùn! Yíyọ ni! Ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n máa yọ, ọ̀kan ṣì kù fún yín!"

Baba àgbà mí kanlẹ̀. Ó dé fìlà rẹ̀ padà, ó ní, "Ọ̀kan náà tó o. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń fi ọ̀kan gbé ayé." Mo rántí pé mo rò nínú mi pé áà, baba yìí lóye ju bí mo ṣe rò lọ. Mo fún wọn ní lẹ́tà, mo bá wọn dá ọlọ́kadà dúró, Àǹtí kò sì wẹ̀yìn títí wọ́n fi yà ní ìkóríta.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo pè é. Ó ní ó di ẹ̀yìn ìgbà tí àwọn bá ro oko tán. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó ní òun ṣì ń ronú sí i. Ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ní àwọn ní ìjọ ń bá òun gbàdúrà. Mo kígbe: "Àdúrà ò ní kẹ́ ẹ má lọ! Ẹ fẹ́ kú ni?" Ó ní, "Oníkanra, kò yé ọ." Lẹ́yìn ìyẹn, bí mo bá pè, ọkọ rẹ̀ ló ń gbé e, á ní ó wà lóko. Mo bínú gan-an. Mo sọ fún ara mi pé bó ti ń ṣe mí báyìí, èmi náà á fi í sílẹ̀ ná. Ago Alaye kò jìnnà sí Ore. Mo lè gun ọ̀kadà kí n sì dé ibẹ̀ kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná. Mi ò lọ.

Nígbà tí òjò dáwọ́ dúró díẹ̀ lóṣù kẹjọ, òun fúnra rẹ̀ pè mí láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan. Ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. "Nọ́ọ̀sì Oníkanra! Bá mi yọ̀ o! Ẹyin ti sàn!"

Mo ní, "Ẹ̀n? Báwo?"

"Ó ti lọ. Mo jí lánàá, mo fọwọ́ bà á, mi ò bá nǹkan kan. Ó ti yọ́ pátápátá."

"Kò dùn yín mọ́?"

"Kò dùn mí rárá. Mo tiẹ̀ jó ní ṣọ́ọ̀ṣì lánàá."

Ẹ má bi mí pé ṣé mi ò mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀. Mo mọ̀ pé irú kókó bẹ́ẹ̀ máa ń lọ fúnra rẹ̀ lára àwọn obìnrin kan. Mo ti rí i lójú síkáànì, tó wà lóṣù yìí, tí kò sì sí níbẹ̀ lóṣù kejì. Lóòótọ́, dókítà sọ pé ti Àǹtí kì í ṣe irú ìyẹn. Àmọ́ ṣé dókítà kì í ṣàṣìṣe ni? Mo fẹ́ kó jẹ́ pé ó ṣàṣìṣe. Mo fẹ́ ẹ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi jó nínú yàrá nọ́ọ̀sì, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi fi ní kí ló dé. Nígbà tí mo sọ fún dókítà, kò bá wa jó. Ó ní kó wá ká tún wò ó. Mo sọ fún Àǹtí, ó ní ó di ẹ̀yìn ìkórè kòkó, ó ní kí ni ó tún kù tí wọ́n fẹ́ wò. Mo ní ó dáa. Ó dáa! Ọ̀rọ̀ méjì yẹn náà wà lára ohun tí mo sọ.

Ọyẹ́ ti dé kí n tó rí i. Wọ́n ń sá kòkó lọ́wọ́ ní gbogbo ọ̀nà Odigbo, òórùn rẹ̀ gba inú ọkọ̀. Mo wà lẹ́nu géètì ilé ìwòsàn nígbà tí mọ́tò kan dúró, tí ọkọ Àǹtí sọ̀ kalẹ̀, tó wá na ọwọ́ sí ẹnìkan nínú mọ́tò. Aboyún ni mo pè é. Ikùn ló kọ́kọ́ jáde. Ìgbà tí mo wá rí apá tó gbẹ, tí mo rí ọrùn, ni mo mọ̀ pé Àǹtí mi ni.

Mo sáré débẹ̀, ẹnu mi sì ti ṣáájú mi, bó ṣe máa ń ṣe. "Àǹtí! Kí lẹ fi ń ṣeré yìí? Ẹ ní ẹyin ti lọ!"

Ó ní, "Ó ti lọ kẹ̀." Ó gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ sókè, ọwọ́ tó dúró síbi àyà lọ́jọ́ yẹn. Lọ́tẹ̀ yìí, kò dúró. Ó gbé e dé ojú rẹ̀, ó fi orí ìka kan ìpéǹpéjú. "Òun nìyí. Wò ó dáadáa. Ṣé o rí kókó kankan níbẹ̀? Aṣọ gbígbóná tó o ní kí n máa fi lé e náà ni mo dúró tì. Wọn ò yọ ojú mi mọ́."

Mo jókòó sílẹ̀ nínú eruku níbẹ̀. Ọkọ rẹ̀ rò pé òòyì ló kọ́ mi.

Díẹ̀díẹ̀ ni mo ń gbọ́ ìyókù. Láti ọjọ́ Ẹtì yẹn ni gbogbo ilé ti gbà pé wọ́n fẹ́ yọ ẹyin ojú Àǹtí. Ọkọ rẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀, baba àgbà gbà bẹ́ẹ̀; inú tó ń wú, afẹ́fẹ́ ni wọ́n ṣì ń pè é. Ojú ló bá wá sí Ore, lápá òsì, ojú là ń sọ nígbà tí a wọlé, ẹyin ni mo sì sọ nígbà tí wọ́n ń jáde. Wọ́n tiẹ̀ ṣe ìwádìí. Àbígbẹ̀yìn Àǹtí wà nílé ẹ̀kọ́ gíga, ó ń kọ́ nípa iṣẹ́ ọ̀gbìn. Wọ́n ya fọ́tò lẹ́tà dókítà, wọ́n fi ránṣẹ́ sí i. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú lẹ́tà náà, àdìnẹ́sà, tí ọmọ náà kò rí rí. Ó wò ó lórí fóònù rẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ jáde sọ fún un pé ìpéǹpéjú ni, àti ibi tí omijé ti ń wá, àti gbogbo ohun tó yí ẹyin ojú ká. Ó pe ìyá rẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, ojú ni lóòótọ́." Kò ka ìsàlẹ̀. Bí mo bá jẹ́ òun, èmi náà ò ní kà á.

Mo bi dókítà nípa ọ̀rọ̀ náà. Ó yọ jígí ojú rẹ̀, ó nù ún fún ìgbà pípẹ́. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, nínú ìwé àwọn, orúkọ kan náà ni wọ́n ń pe àwọn nǹkan tó yí ẹyin ojú ká àti àwọn nǹkan tó yí ilé ọmọ ká. Pé ìtumọ̀ rẹ̀ ni àwọn tó so mọ́ nǹkan. Ó ní òun ì bá ti kọ ibi tó jẹ́ gan-an síbẹ̀, àmọ́ oníṣègùn lòun ń kọ̀wé sí, òun mọ̀ pé á yé wọn. Kò sọ ọ́ láti fi tù mí nínú, kò sì tù mí nínú. Àwa méjèèjì ló lo ọ̀rọ̀ kan fún nǹkan méjì, ṣùgbọ́n èmi ni àbúrò Àǹtí.

A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Wọ́n fa omi inú ikùn náà, wọ́n tún fà á. Wọ́n là á, wọ́n rí i pé ó ti tàn kárí ìfun àti ẹ̀dọ̀, wọ́n sì rán an padà láìyọ nǹkan kan. Wọ́n fi oògùn sí i níṣan lẹ́ẹ̀mejì, ara rẹ̀ kò gbà á. Lẹ́yìn náà ni mo gbé e wá sílé mi ní Ore, kí n lè máa tọ́jú rẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, nígbà tó jẹ ẹ̀kọ díẹ̀, ó ní, "Jókòó. Kí ni wọ́n ní ó ń ṣe mí gan-an? Má sọ ọ́ bíi nọ́ọ̀sì."

Mo sọ ọ́ ní Ìkálẹ̀ wa. Mo pe gbogbo rẹ̀ ní orúkọ rẹ̀, ilé ọmọ, àti ẹyin méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Mo mú ọwọ́ rẹ̀, mo gbé e lé ibẹ̀, lábẹ́ ojú ọgbẹ́. Mo ní, "Ibí yìí ni. Ibí yìí ni mò ń sọ lọ́jọ́ yẹn." Mo sì sọ fún un pé ká ní ó lọ nígbà yẹn, ó ṣeé ṣe kí wọ́n yọ ọ́ kó sì yè.

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má dún. Ó ní, "Èyí? Èyí tí mo ti fi bímọ tán? Kí ni mo tún fẹ́ fi ṣe? Ǹ bá ní kí wọ́n kó méjèèjì lọ." Ó mí díẹ̀. "Ojú ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Mo ń rò ó pé bí mo bá di olójú kan, àwọn ọmọ-ọmọ mi á máa sá fún mi."

Mo sunkún bí ọmọdé. Mo gbé orí lé etí bẹ́ẹ̀dì, mo ń bẹ̀ ẹ́. Ó ń fọwọ́ pa mí lórí, bó ṣe máa ń ṣe nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Ó ní, "Má sọ fún ọkọ mi pé bó ṣe rí nìyí o. Má sọ fún àwọn ọmọ. Wọ́n á ní ìwọ lo pa mí. Ìwọ náà kò mọ̀."

Mo ní, "Ó yẹ kí n mọ̀, Àǹtí."

Ó ní, "Dákẹ́ jẹ́ẹ́. O ti tún ń kígbe."

Mo dákẹ́ lóòótọ́. Títí di òní, ọkọ rẹ̀ gbà pé àìsàn méjì ló ṣe é, pé ojú sàn, inú kò sàn. Ó máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi lórí ti ojú. Bí ó bá ṣe ń dúpẹ́ yẹn, ó máa ń ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu. Mi ò mọ ìgbà tí màá sọ fún un. Bóyá ohun tí mò ń kọ yìí ló máa sọ fún un.

Nílé ìwòsàn, mi ò ṣe ògbufọ̀ mọ́ bí mo ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Kí n tó sọ ohun tí dókítà sọ, màá mú ọwọ́ aláìsàn, màá gbé e lé ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Màá ní, ìyá mi, ibí yìí ni, ẹ wí i fún mi kí n gbọ́. Mo máa ń pe nǹkan kọ̀ọ̀kan ní orúkọ rẹ̀, ilé ọmọ ní ilé ọmọ. Àwọn ọkọ á máa wo àjà, àwọn baba àgbà á máa wúkọ́. Obìnrin kan sọ fún mi pé mi ò nítìjú. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà, mi ò ní in mọ́.

Àǹtí kú nílé mi láàárọ̀, ní bí agogo mẹ́sàn-án, nígbà tí òjò tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ó ti di ọdún kan tí kókó ojú náà yọ. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bọ́ọ̀sì Èkó kan ti dúró ní títì, àwọn obìnrin ń sáré tọ̀ ọ́, mo sì ń gbọ́ wọn ketekete lójú fèrèsé: "Ẹyin rèé o! Ẹyin gbígbóná rèé!" Ojú rẹ̀ ṣí sílẹ̀, èmi ni mo pa á dé. Mo pa ti ọ̀tún, mo wá pa ti òsì. Mo fi ìka mi tẹ̀ lé etí ìpéǹpéjú náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, níbi tí dókítà ti fi tọ́ọ̀ṣì wò. Ó jọ̀lọ̀. Kò sí kókó kankan níbẹ̀.